Ọṣẹ Tí Mo Ń Rán Àbúrò Mi Lọ Rà

Ẹ má bi mí léèrè orúkọ. "Sísì Ẹ́ńjìnì" tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò ti tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti ń dín kù. Kì í ṣe àánú ni mò ń wá o. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi tán tí ẹ bú mi, ẹ ò ṣẹ̀ mí.

Iṣẹ́ alùpùpù ni mò ń ṣe. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, la jọ ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ìyá wa ń gbé. Àwọn tó ní alùpùpù kékeré, tí wọ́n fẹ́ kó lágbára bíi ti ńlá, ló ń wá bá wa. Àbúrò mi á tú ẹ́ńjìnì, á fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fẹ̀, á wá ki písítìn tó tóbi bọ̀ ọ́.

Oníìka ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bó bá ti ìka ọ̀tún rẹ̀ bọ inú ihò tó gbẹ́, tó fi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Irin ìwọ̀n kankan kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mò ń fún ẹ́ńjìnì lóúnjẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Písítìn ńlá, ikùn ńlá ni. Àwọn alùpùpù òde òní kì í lo kabúrétọ̀ mọ́. Ínjẹ́tọ̀ ni wọ́n ń lò, ẹnu kékeré kan tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì. Ọpọlọ alùpùpù ló ń sọ fún un ìgbà tó máa lanu àti bó ṣe máa lanu pẹ́ tó. Bí o bá sọ ẹ́ńjìnì di ńlá tí o ò yí ohun tó wà lọ́pọlọ rẹ̀ padà, ebi epo á máa pa á. Ẹ́ńjìnì tí ebi epo ń pa kì í rọra kú. Á máa gbóná, á máa gbóná, títí písítìn á fi yọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí n kọ ètò epo tuntun sí i lọ́pọlọ.

Alùpùpù tí mo bá ti fọwọ́ kàn, ẹ ó mọ̀ ọ́n láti òpópónà kejì. Bí wọ́n bá tan án, á kọ́kọ́ ké sókè, á rọlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kú, á tún mí, á wá jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò wúlò fún nǹkan kan. Ìgbéraga lásán ni, kí ayé lè máa gbọ́ pé iṣẹ́ mi ló ń kọjá lọ.

Àṣírí kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí àbúrò mi ò mọ̀. Ínjẹ́tọ̀ tó bá alùpùpù kékeré wá, ẹnu rẹ̀ kéré. Kò lè bọ́ ikùn ńlá, ètò yòówù kí o kọ. Mo máa ń yọ ọ́, mo máa ń fi òmíràn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò, èyí tí mo rà lára àwọn alùpùpù ńlá tí wọ́n ti tú palẹ̀. Mo máa ń ha nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, kí n sì kùn ún lọ́dà dúdú kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, mo máa ń rán àbúrò mi níṣẹ́.

"Àbúrò, ọṣẹ ti tán. Lọ bá mi ra ọṣẹ wá."

Kó tó dé, mo ti ṣe tán. Èyí tí mo yọ ti wà lápò mi.

Dúróà tábìlì mi kún fún ọṣẹ débi pé kò ṣeé tì mọ́. Àbúrò mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Sísì mi, ṣé gbogbo ìlú lẹ fẹ́ wẹ̀ ni?"

Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ mẹkáníìkì kì í mọ́ bọ̀rọ̀." Àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá mọ gbígbẹ́ ẹ́ńjìnì, tó tún wá mọ bíbọ́ ọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èmi ṣe? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo mọ òwe náà dáadáa. Àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń fi bá wí.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kéré. Oníbàárà kan gun alùpùpù rẹ̀ lọ bọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Sísì, ṣé ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo èyí?"

Àbúrò mi dúró tì mí, ẹ̀rún irin ṣì wà lára ìka rẹ̀. Mo ní, "Èmi náà ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, àbúrò mi ní, "Sísì, èmi ńkọ́?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ta ni ò lè gbẹ́ ihò?"

Kò bú mi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí tábìlì, ó lọ. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ òpópónà. Mo ní kó máa lọ, a ó jọ wò ó. Ẹ̀rọ léètì kì í bọ́ ẹ́ńjìnì. Mi ò mọ̀ pé kò lọ lọ́wọ́ òfo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Màmá jókòó síwájú ilé. Bọ̀ọ̀dá Táyà, tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ń fún táyà kan ní afẹ́fẹ́. Ni mo bá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ó ké sókè, ó rọlẹ̀, ó mí, ó jókòó.

Mi ò tíì fọwọ́ kan alùpùpù kankan ní apá ibẹ̀ yẹn rí.

"Olè!" Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Màmá ní, "Olè wo?"

Àbúrò mi ló ń gùn ún bọ̀, alùpùpù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, akoto lórí, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ti da ètò epo mi kọ láti inú kọ̀ǹpútà mi kó tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Inú bí mi gan-an.

Ṣùgbọ́n etí mi ò dákẹ́. Bó ṣe kọjá wa tó dín eré kù ní kọ́nà, sàláńsà rẹ̀ ta pàrà-pàrà, gbígbẹ bí igi tí oòrùn ti pa. Ohùn mi ni, àmọ́ ó ti rù. Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tí mo kọ fún ẹnu ńlá, ẹnu kékeré ló gbé e fún. Ẹnu ńlá kò nílò kó lanu pẹ́, torí pé epo púpọ̀ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹnu kékeré bá lanu fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, epo tó máa jáde ò ní tó rárá. Bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú, ọpọlọ alùpùpù á máa bá a tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Bó bá fún un níná tán lórí òkè, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe mọ́.

Màmá ti wọlé lọ. Bọ̀ọ̀dá Táyà ti rí ojú mi. "Kí lo gbọ́?"

"Ebi epo ń pa ẹ́ńjìnì yẹn."

"Ṣé wàá sọ fún un?"

Ó ju pọ́ǹpù sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó ní, "Panu mọ́, jàre. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n? Jẹ́ kó jóná mọ́ ọn lábẹ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò tì í wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, táá máa làágùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń rí i lójú ara mi: àbúrò mi á máa ti alùpùpù bọ̀, aṣọ rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, gbogbo àdúgbò á máa wò ó, èmi á jókòó, màá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀, ọ̀gá?" Mo fi ìran yẹn sùn, mo fi jí.

Kó tó rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi fúnra rẹ̀ wá bá mi.

Ó gbé alùpùpù náà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, Sísì mi."

"Káàsán."

Ilẹ̀ ló ń wò. "Nǹkan kan ń ṣe é tí kò yé mi. Bí mo bá ń gun òkè, ó máa ń gbóná. Mo sì máa ń gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, mo máa ń yára dín iná kù."

Ẹ gbọ́ o. Etí rẹ̀ ti ń gbà á là. Òkúta inú agolo yẹn ni igbe tí ẹ́ńjìnì máa ń ké kẹ́yìn kí písítìn tó lu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ: ínjẹ́tọ̀. Ì bá tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú èébú. Kí n ní, "Òmùgọ̀, ẹnu rẹ̀ ló kéré." Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Dípò ìyẹn, mo bi í pé, "Ta ló kọ ètò epo rẹ̀ fún ọ?"

Ó ní, "Èmi ni mo... èmi ni mo rọra kọ ọ́ fúnra mi."

Ó purọ́ fún mi lójú kòrókòró! Ohun tí mo fi òru àti ọ̀sán kọ́, tí mo ba ẹ́ńjìnì ara mi jẹ́ kí n tó mọ̀. Nǹkan kan tutù nínú mi nígbà yẹn. Ohùn mi wá dùn bí oyin.

"O káre. Ẹ́ńjìnì tuntun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Písítìn rẹ̀ ò tíì jókòó ni. Ẹ̀rù lò ń bà, o sì ń dín in níná, báwo ló ṣe máa jókòó? Gbé e lọ sọ́nà òkè gígùn yẹn. Fún un níná tán. Ohun yòówù kí o gbọ́, má dín in kù títí wàá fi dé òkè."

Ó gbójú sókè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Sísì?"

"Ṣé mo parọ́ fún ọ rí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, mi ò tíì rí eyín rẹ̀. "Ẹ ṣé o. Mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi pé inú yín á rọ̀." Ó tan alùpùpù. Ó ké, ó rọlẹ̀, ó mí, ó jókòó. A jọ gbọ́ ọ, a ò wo ojú ara wa. Ó gbé akoto wọ̀, ó lọ.

Màmá pè mí láti orí àga rẹ̀. "Kí ló ní ó ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Ṣé yóò dáa?"

Mo ní, "Yóò padà wá, Màmá. Kò ní pẹ́ padà."

Bọ̀ọ̀dá Táyà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Màmá náà bá wa rẹ́rìn-ín.

Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé ohun tí mo rò ni pé ẹ́ńjìnì á kàn kú mọ́ ọn lábẹ́, kó sì fẹsẹ̀ rìn wálé. Irọ́ ni. Mẹkáníìkì wo ni kò mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì lórí eré, táyà ẹ̀yìn á há gírígírí lójijì? Mo mọ̀. Mo fi ìmọ̀ náà sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé e.

Ẹyin lohùn. Tèmi balẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló gbé alùpùpù náà wá. Awakọ̀ rẹ̀ ò mọ èwo nínú wa ló yẹ kó wò. Ó ní òun wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà òkè, pé ó ń sáré dáadáa, àfi bí ẹni pé ẹnì kan di táyà ẹ̀yìn mú. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ alùpùpù nígbà tó ń wọ́ ọ lórí ọ̀dà. Ó ní ẹ̀mí wà, ó wà ní ọsibítù.

Màmá kò ké. Ó wọ bàtà rẹ̀, òdì ni bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a jọ lọ. Wọ́n ní wọ́n ti gé ìka mẹ́ta. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló kù.

Nígbà tí a padà délé, Màmá dúró síwájú alùpùpù náà. Ó ní, "Tú u."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi ná."

"Mo ní kó o tú u. Mo fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ pa ọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo mọ̀ ọ́n?"

Mo tú u. Púlọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ yọ. Èyí tó jẹun kánú máa ń ní àwọ̀ bíi ti bisikíìtì. Èyí funfun báláú bíi ṣọ́ọ̀kì. Mo ṣí orí ẹ́ńjìnì: písítìn ti yọ́, ihò wà láàárín rẹ̀, etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà tí àbúrò mi fi ìka rẹ̀ wọ̀n.

Bọ̀ọ̀dá Táyà na ọrùn wò ó. Ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Ó ní, "Háà! Ebi epo náà ni o. Sísì, bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́ náà ni!"

Màmá yí orí sí i. "Ọjọ́ wo ló sọ ọ́?"

Ó rí ojú mi, ó fẹ́ gbé e mì, kò lè gbé e mì mọ́. "Ọjọ́... ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún kọjá níbí, Màmá. Ó ní òun gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀."

"Ṣé kí ọmọ mi tó wá bi í ni àbí lẹ́yìn ìgbà tó wá bi í?"

Bọ̀ọ̀dá Táyà wolẹ̀. Màmá kò mọ ínjẹ́tọ̀, kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ, mo sì ń wò ó bó ṣe ń kó o jọ.

"O mọ̀ kó tó wá. Ó wá bi ọ́, mo fi etí mi gbọ́ tí o ní kó fún un níná. Mo bi ọ́ bóyá yóò dáa, o ní kò ní pẹ́ padà. O rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Mo tiẹ̀ bá ọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ ti parí ìjà."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ó jí iṣẹ́ mi ni."

"Ó jí i. Ìwọ ńkọ́?"

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Dìde. Èmi kọ́ ni wàá kúnlẹ̀ fún. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ sọ fún un."

Mo mú ínjẹ́tọ̀ ńlá kan dání lọ sí ọsibítù, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kùn lọ́dà. Báńdéèjì funfun ti di ọwọ́ rẹ̀ kìtìbì. Bó ṣe rí mi, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀.

"Sísì, ẹ má sunkún. Ọlọ́run ló mú mi. Ètò yín ni mo jí kó. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ojú ló tì mí. Ẹ tún wá fi inú kan gbà mí nímọ̀ràn. Bóyá mo dín in níná ni, mi ò rántí mọ́."

"O ò dín in níná."

"Ẹ̀n?"

Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi èékánná ha ọ̀dà ara ínjẹ́tọ̀ náà títí irin rẹ̀ fi hàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹnu ńlá, ẹnu kékeré, ohun tí mo gbọ́ lóhùn alùpùpù rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ kí n tó ní kó lọ sórí òkè. Mo sọ ọ́ tán.

Ó wo nǹkan kékeré yẹn lọ́wọ́ mi títí. Mo rò pé á bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀? A jọ máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni."

Ó rò ó díẹ̀, mo sì rí i bó ṣe yé e.

"Ọṣẹ," ló wí.

Ó yí ojú sí ògiri.

Mo ti pa ohùn ìgbéraga yẹn rẹ́ nínú ètò mi báyìí. Alùpùpù tí mo bá ṣe, wọ́n kàn máa ń tàn ni. Ẹni tó bá béèrè nípa ínjẹ́tọ̀, mo máa ń fi hàn án, bó ti wù kó jẹ́ àjèjì tó. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ ń fi pa mọ́ fún ọmọ ìyá yín, ẹ wo bó ṣe rí: ọmọ aráyé ni mò ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ fi pa mọ́ kò lè di sípánà mú mọ́.

Màmá kì í bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan bá ti gun alùpùpù jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, á gbójú sókè láti orí àga rẹ̀, á ní, "Èyí ńkọ́? Ṣé kò ní pẹ́ padà?" Á wá máa wo ojú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi wá kó ìyókù ẹrù rẹ̀. Ó ti ta ẹ̀rọ léètì. Ọwọ́ òsì ló fi ń kó irinṣẹ́ sínú àpò, wọ́n ń já bọ́, ó tún ń ṣà wọ́n. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣe ìyọnu. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má ṣe ìyọnu, Sísì."

Nígbà tó ṣe tán, ó wá sí ìdí tábìlì mi. Ó fa dúróà náà, kò tètè ṣí, ó tún fà á. Ó mú ọṣẹ kan níbẹ̀, ó fi eyín ya bébà ara rẹ̀, ó gbé e síwájú mi.

Ó ní, "Wọ́n ṣì pọ̀ níbẹ̀, Sísì mi. Ẹ fọ ọwọ́ yín."